Ọmọ ní òun ṣubú, àpá ara rẹ̀ kò jọ ti ìṣubú: ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìdáàbòbò ọmọ, ẹ bá wa dá sí i

Olùkọ́ Kíláàsì Kejì (Ọ̀dọ̀gbólú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ìtọ́jú ọmọdé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ ọdún méje, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọ ń múra eré ìdárayá, mo rí àpá kan lẹ́yìn itan rẹ̀: ìlà méjì tí wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì pàdé ní ìparí bí ìgbà tí ènìyàn bá ká okùn po. Irú rẹ̀ mìíràn wà lẹ́yìn apá ọ̀tún, èyí ti ń gbẹ. Mo bi í léèrè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo pàdé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní kẹ̀kẹ́ ni ó gbé e ṣubú. Ọ̀gá mi ní kí n yọ ẹnu mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń dá àpá eré mọ̀ yàtọ̀ sí àpá ìyà, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọmọ tí kì í ṣubú. Bí mo bá sì fura, ta ni kí n sọ fún tí kò ní sọ mí di ọ̀tá gbogbo àdúgbò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, oorun mi kò já gaara láti ọjọ́ náà.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Ṣàgámù)

Olùkọ́, ẹ kú àníyàn ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí àwọn ọ̀gá wa sì kọ́ wa ni pé kí á tó la ẹnu, kí á kọ́kọ́ wo ibi tí àpá wà, kí á wo bí ó ṣe rí, kí á sì bi ara wa bóyá ọmọ ọjọ́ orí yẹn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀ báyìí.

Ọmọ tó ń sáré máa ń fi ibi tí eegun ti súnmọ́ awọ gba ilẹ̀. Ojúgun, orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, iwájú orí àti àgbọ̀n ni ẹ ó ti máa rí àpá eré. Bí ọmọ ọdún méje bá dé pẹ̀lú ojúgun tó bó yánnayànna, bọ́ọ̀lù ni ó gbá, ẹ jẹ́ kó lọ. Ibi tí ó yẹ kí ojú yín dúró sí ni ibi tí ẹran bò tàbí tí ara ń fi pamọ́: etí àti ẹ̀yìn etí, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn, ikùn, ẹ̀yìn, ìdí, inú itan àti ẹ̀yìn itan. Ẹ wo apá náà pẹ̀lú, níhà ìta láti ìgbọ̀nwọ́ sí ọrùn ọwọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ máa ń gbé sókè láti fi gba pàṣán kí ó má bàa bà á lójú.

Ní ti bí àpá ṣe rí, ilẹ̀ àti òkúta kì í ya àwòrán sára ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí a fi na ọmọ a máa fi àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí pańkẹ́rẹ́ bá bà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ẹ ó rí, tí awọ àárín wọn mọ́, nítorí pé agbára ìnà náà ti ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bẹ́líìtì a máa fẹ̀, igun irin rẹ̀ sì lè yọ gedegbe. Ìgbátí tó le a máa fi ojú ìka sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Eyín a máa fi ìlàjì òbìrí méjì tó kọjú síra sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà máa ń bu ara wọn jẹ, nítorí náà ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹnu àgbàlagbà kò bá ti ọmọ ọdún mẹ́ta dọ́gba. Wáyà iná tàbí okùn tí a ká po ni ó máa ń ṣe irú èyí tí ẹ ṣàpèjúwe, Olùkọ́. Àtẹ̀gùn kì í ká po.

Bàbá Onípákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, kò sí òbí tí kò ní di ọ̀daràn. Pàṣán ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, àwọn baba wa ni wọ́n sì ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tó ń dùn mí gan-an ni pé irú ìfura yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Ọmọkùnrin mi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, sálẹ́ńsà jó o lẹ́sẹ̀, ni ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ń sọ kiri pé áyọ́ọ̀nù ni mo tẹ̀ mọ́ ọmọ mi lára. Fún bí oṣù mẹ́ta ni àwọn ènìyàn fi ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Kí ni ẹ máa sọ sí irú èyí?

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Ṣàgámù)

Bàbá Onípákó, ẹ kú ìfaradà. Ó dára bí ẹ ṣe sọ ọ́ jáde, nítorí ẹni tí kò mọ àpá àìmọ̀ọ́mọ̀ kò lè mọ ti àmọ̀ọ́mọ̀. Ojú iná sálẹ́ńsà ní ibùgbé tirẹ̀: ẹran ẹsẹ̀ níhà inú, nísàlẹ̀ orúnkún, ó sì máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún jù, nítorí apá ọ̀tún ni sálẹ́ńsà ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wà. Ìdajì àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni yóò ní àpá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, èmi náà ní tèmi. Ìyá tó bà yín lórúkọ jẹ́ ì bá ti kọ́kọ́ wo ibi tí ojú iná náà wà, kì bá tí la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ni ó ń ṣini lọ́nà jù. Ọmọ tó fa ife tíì tàbí kòkò ògì lu ara rẹ̀ láti orí tábìlì máa ń bó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: àgbọ̀n, ọrùn, àyà, èjìká kan. Ibi tí omi kọ́kọ́ bà ni yóò jìn jù, lẹ́yìn náà á máa tín-ín-rín bí ó ti ń ṣàn lọ, etí rẹ̀ á rí jákujàku, ẹ ó sì rí ibi tí omi ta sí káàkiri. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ọmọ bọ inú omi gbígbóná, ojú iná náà yóò mọ síbì kan bí ẹni pé ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀, yóò dọ́gba ní ẹsẹ̀ méjèèjì, omi kò sì ní ta síbòmíràn, nítorí wọ́n dì í mú kò lè ja. Nígbà mìíràn tí ó bá jẹ́ ìdí ni, ẹ ó rí i pé gbogbo ìdí bó àyàfi àárín tí ó kan ìsàlẹ̀ bàsíà. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń din gàárì lè na ọwọ́ kan agbada. Àtẹ́lẹwọ́ àti orí ìka ni yóò jó, nítorí àtẹ́lẹwọ́ ni ọmọ fi ń tọ́ nǹkan wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó jó, tí etí rẹ̀ sì mọ́ kedere, ẹ béèrè. Áyọ́ọ̀nù tó já lu ọmọ kì í fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ tán, nítorí ọmọ á ti fò kúrò. Èyí tí a tẹ̀ mọ́ ọn ni imú rẹ̀ máa ń yọ ṣonṣo. Iná sìgá a máa ṣe róbótó, á fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, á sì jìn láàárín, bẹ́ẹ̀ ni egbò kan wà tí kòkòrò ń fà lójú awọ ọmọdé tí ó jọ ọ́ dáadáa, oògùn sì ń wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fẹ́ kí dókítà rí ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àpá kan wà tí ó jẹ́ ti ilé wa níbí, tí ìwé òkèèrè kì í sábà kọ. Mo ti gba ọmọ tí wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ ẹ̀yìn iná nítorí gìrì mú un lóru. Ìyá náà ń sunkún ju ọmọ lọ. Ohun tí ìyá tirẹ̀ kọ́ ọ ni ó ṣe. Ibà ni ó fa gìrì náà, ọ̀pọ̀ irú gìrì bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún máa ń dá fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó jó kì í dá fúnra rẹ̀. Ìyá yẹn kì í ṣe ìkà, síbẹ̀ a ní láti kọ ohun tí a rí sílẹ̀, kí a tọ́jú ọmọ, kí a sì kọ́ gbogbo ilé lẹ́kọ̀ọ́, títí kan ìyá àgbà.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́líféà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Kí n kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ dá Bàbá Onípákó lóhùn. Òwe tí wọ́n pa, kíkọ́ ni ó wí, kò wí lílù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2006. Ọmọdé nínú òfin yìí ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òfin náà sì sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é léṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Òótọ́ ni pé òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ ṣì fàyè gba òbí àti olùkọ́ láti bá ọmọ wí níwọ̀n, ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò sì ń jiyàn lórí ibi tí ìwọ̀n náà dé. Wáyà tó bu ẹran lẹ́yìn itan ọmọ ọdún méje kò sí nínú ìwọ̀n kankan tí mo mọ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í wo àpá nìkan, ìtàn tí wọ́n fi bò ó ni à ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ní àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n ìyá ní kẹ̀kẹ́: ìtàn méjì fún àpá kan. Ẹ tún máa ṣọ́ ìtàn tó ń yí padà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ti ń yí padà, ìtàn tó ju agbára ọmọ lọ, bí ìgbà tí wọ́n bá ní ọmọ oṣù mẹ́ta gun orí àga, ìtàn tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru àbúrò tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀, àti ilé tó rí ìpalára ńlá láàárọ̀ tí kò sì gbé ọmọ jáde títí ọjọ́ fi di mẹ́ta. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má sọ pé nítorí pé ìyá kò sunkún, òun ni ó ṣe é. Mo ti rí òǹrorò tó ń wa ẹkún mu, mo sì ti rí abiyamọ tí ìbẹ̀rù dì lẹ́nu.

Olùkọ́, ẹ dárí jì mí, ibì kan wà tí ẹ ti ṣì í, èmi náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́: ẹ bi ọmọ léèrè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ sì tún bi ẹni tó ń gbé e sílé kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóru ọjọ́ náà, ọmọ ni yóò dá a lóhùn. Bí ẹ bá tún fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ pè é síbi tí ó dákẹ́ tí ojú sì ń rí yín, ẹ jókòó kí orí yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba, kí ẹ sì sọ pé, “Mo rí nǹkan lẹ́yìn apá rẹ, kí ló ṣẹlẹ̀?” Ẹ má sọ pé, “Àǹtí ló nà ọ́, àbí?” nítorí ọmọ á gba ohun tí àgbà bá fi sí i lẹ́nu, níwájú adájọ́ ọ̀rọ̀ náà á sì fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ béèrè. Ẹ má bá a ṣe ìlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sọ fún un pé ẹ máa wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ń sọ Ègùn tàbí èdè mìíràn, irú èyí tí ó pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n mú wá bá ènìyàn gbé lágbègbè wa, ẹ má ṣe lo ọmọ ilé kan náà bí ògbufọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, aago, ibi tí àpá wà, gígùn rẹ̀ bí rúlà bá wà, àwọ̀ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ọmọ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú ni ó fi sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá ìwé. Ẹ ya àwòrán ènìyàn kékeré, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi àmì sí ibẹ̀. Ẹ má bọ́ ọmọ láṣọ. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín, mo bẹ̀ yín, nítorí láti orí fóònù yẹn ni yóò ti dé WhatsApp ẹgbẹ́ òbí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dókítà Ọmọdé (Ìlìṣàn)

Ẹ̀yin àgbà ti sọ púpọ̀. Tèmi ni ti àwọn ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń kú.

Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ṣe ìlànà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TEN-4, ó jáde ní ọdún 2010, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 2021. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì lábẹ́ awọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ní àyà, ikùn, ẹ̀yìn tàbí ìdí, ní etí tàbí ní ọrùn, kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò ju oṣù mẹ́rin lọ, ibi yòówù kí ó wà lára, kí a gbé e lọ, nítorí ọmọ tí kò tíì rá, tí kò tíì dìde, kò ní ohun tí yóò fi kọlu nǹkan. Lára ohun tí wọ́n fi kún un ni ìpéǹpéjú, igun àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ nínú ẹyinjú funfun, àti ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ètè mọ́ èrìgì. Ẹran ètè yẹn tó ya lẹ́nu ọmọ ọwọ́ lè jẹ́ pé wọ́n fi agbára ti ṣíbí tàbí ìgò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò sì ní ya àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo níbí lẹ́nu.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun lè fi àwọ̀ àpá mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìwádìí ti fi hàn pé àwa dókítà pàápàá ń ṣì í. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ wo wíwú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọ̀ bí aró tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń bí mọ́ ìdí àti ìbàdí kì í ṣe àpá lílù: kì í wú, kì í dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kì í yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń yí. Ó yẹ kí agbẹ̀bí máa kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ lọ́jọ́ ìbí. Gbẹ́rẹ́ náà, wẹ́wẹ́ ni, ó tò dọ́gba, ìyá á sì sọ ọjọ́ tí wọ́n sín in láìlọ́ tìkọ̀.

Èyí tí kò ní àpá rárá ni ó burú jù. Ọmọ tí wọ́n gbọ̀n jìgìjìgì nítorí pé ó ń sunkún lè máà ní nǹkankan lójú awọ, kí ó kàn máa bì, kí ó máa sùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí gìrì mú un, kí àwùjẹ̀ rẹ̀ sì le tàbí kí ó yọ sókè. Ọmọ tí wọ́n ta ní ìpá níkùn lè máa bì ohun tútù bí ewé, kí inú rẹ̀ máa wú. Èyí kì í dúró de ọjọ́ kejì. Ṣàgámù ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ, Ìjẹ̀bú-Òde náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Èyí tó bá súnmọ́ yín jù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ti eegun, ọmọ tí kò tíì rìn tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́, tàbí eegun ìhà, gbọ́dọ̀ ní àlàyé tó múná. Ní ọdún 1962 ni Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé tó jẹ́ kí àwọn dókítà dẹ́kun à ń gbójú fo irú eegun bẹ́ẹ̀, láti ìgbà náà ni a ti ń ya ẹ́ksíreè gbogbo ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí a bá fura. Ṣùgbọ́n a máa ń wá àìsàn pẹ̀lú: egungun tó rọ̀ nítorí àìtó oúnjẹ kan lára, ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dá, àti fòníkú-fọ̀ladìde tí í máa ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wú bí ẹni pé wọ́n lù ú.

Aláfàá Ilé-Kéú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àlàáfíà fún yín. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, ìwà ọmọ ni mo mọ̀. Ọmọ tó máa ń wọ aṣọ gígùn nígbà ooru tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ tiwọn, tó ń gbé ọwọ́ bo orí bí ẹ bá kàn na ọwọ́ láti mú wàláà, tó ń tètè dé tí kò sì fẹ́ padà sílé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè máà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pé méjì mẹ́ta, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń yìn ín. Ẹ̀rù ni.

Kí n jẹ́wọ́ pẹ̀lú. Mo ti lo àtòrì lórí ọmọ ọlọ́mọ rí, mo sì rò pé ìmọ̀ ni mo ń tì wọ inú rẹ̀. Bàbá ọmọ kan ni ó gbé e wá, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, kò sọ nǹkankan. Láti ọjọ́ yẹn ni àtòrì ti kúrò níbẹ̀.

Bàbá Onípákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Aláfàá, ẹ ṣé. N kò tíì gbà tán pé pàṣán kì í kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé wáyà kì í ṣe pàṣán. Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tí a kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀, kí á pe ẹ̀gbọ́n ìyá náà, kí á kìlọ̀ fún un, kí ó sì parí síbẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Wẹ́líféà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo bọ̀wọ̀ fún Baálẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ń pè wá fúnra wọn. Ohun tí mo máa ń rí níbi ìpàdé àgbààgbà ni pé wọ́n á bẹ ẹni tó na ọmọ, wọ́n á ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, wọ́n á mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á tú ká, ọmọ á sì padà sínú yàrá kan náà. Kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò yọjú wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àfi bí ẹnìkan bá wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́, ọ́fíìsì wa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ọ̀dọ̀gbólú ní, Ìkẹ́nnẹ́ ní, Ṣàgámù ní. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ dání, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ kò ní láti mọ ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ wa ni láti wádìí, iṣẹ́ dókítà ni láti sọ ohun tí àpá jẹ́, iṣẹ́ adájọ́ ni láti dá ẹjọ́. Tiyín parí síbi ohun tí ojú yín rí. Bí ọmọ bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, ẹ pe 112, tàbí kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, kí ẹ béèrè ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá tún kọ̀, kíkọ̀ rẹ̀ kò dí yín lọ́wọ́. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ sọ fún un, kí ẹ fi ọjọ́ sí i.

Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ń bà ni pé a ó já ọmọ gbà mọ́ ẹbí lọ́wọ́. Ibi tí a máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá mọ̀lẹ́bí mìíràn wà tí ọmọ lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láìséwu, bóyá ìyá tó bí i wà, bóyá ìyá àgbà ṣì lágbára. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni ó máa ń kẹ́yìn. N kò sọ pé iṣẹ́ wa kì í falẹ̀. Ọkọ̀ kì í sí nígbà mìíràn, a máa ń dáwó epo. Ẹ máa padà wá béèrè.

Olùkọ́ Kíláàsì Kejì (Ọ̀dọ̀gbólú)

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì Wẹ́líféà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ìwé àti àwòrán náà dání. Obìnrin tó gbà á kò bi mí pé kí ló kàn mí. Ohun tó bi mí ni bóyá ọmọ mìíràn wà nínú ilé náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan, tí í máa bá a wá sí ilé-ìwé nígbà mìíràn. Ó béèrè bóyá mo ti rí ẹ̀yìn etí rẹ̀ rí. N kò rí i rí, kò sọ sí mi lọ́kàn láti wò ó, nítorí ọmọ yẹn kì í sunkún, kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Wọ́n lọ sílé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n sì gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Ọmọbìnrin náà kò tíì padà sí kíláàsì. Wọ́n ní wọ́n ti pe ìyá tó bí i, pé ó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mo ti tún rẹ́jísítà ṣe, mo kọ “ó wà ní ilé ìwòsàn” síbi tí mo kọ́kọ́ kọ “kò wá”, mo sì fi ìwé rẹ̀ sí inú dúrọ́ọ̀ mi pẹ̀lú pẹ́ńsù tó gbàgbé sórí tábìlì.